Bàbá Níní Kò Bú Mi

Rárá, ẹ má gbé àpótí fún mi, Ìyá Níní, mi ò wá jókòó, ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀ fún ẹrù tí ẹ̀ ń dì. Òótọ́ mà ni! Ìkòkò ti wọ agbọ̀n, ẹní ti di kíká, àwọ̀n ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá ń wò mí bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ẹnu Látífàt ni mo ti gbọ́ ọ, Látífàt tó ń ta kẹrosíìnì nísàlẹ̀ yẹn, òun ló ń bi mí pé ta ni yóò máa gbé ẹja fún mi tí ẹ bá ti kó lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Lọ́la! Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹnu oníkẹrosíìnì ni mo ti máa gbọ́ pé apẹja mi ń lọ.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹ mọ ohun tó dé, èmi náà mọ̀ ọ́n, gbogbo etí omi Bàrígà ló mọ̀ pé èmi Kùdírátù ni mo dí Ilé Ọmọ tí ẹja ń yé sí, mi ò wá jiyàn. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ọkọ yín ló ń bí mi nínú! Bàbá Níní kò bú mi. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ títí dòní, kò bú mi, kò pòṣé sí mi, kò fi ojú burúkú wò mí rí. Ṣé bí èèyàn ṣe ń ṣe sí èèyàn nìyẹn?

Ẹ̀yin lẹ mú mi mọ ọ̀nà ibí yìí nígbà tí mo dé láti Abẹ́òkúta, tí Faridah ṣì wà lẹ́yìn mi, tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá iná sábẹ́ ẹja. Ẹ ní, Kùdí, apẹja kan, aláàrò kan. Ẹ ní tí apẹja bá ti gbé ẹja síwájú ààrò rẹ, tìrẹ ló ti dà yẹn, kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn kó máa yan án, ìwọ náà ò gbọdọ̀ gba ti ẹlòmíràn, àfi tí ikú bá yà yín tàbí ìjà. Ìjà náà sì ní bó ṣe ń lọ. Apẹja á wá dúró síwájú ààrò láàárọ̀, níṣojú gbogbo èèyàn, á sọ ohun tí obìnrin náà ṣe fún un sókè, obìnrin á sọ tiẹ̀, wọ́n á bú ara wọn dé orí baba tó bí wọn, ó parí, oníkálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Ògúntádé dúró síwájú ààrò ìyá Adéjìmí, tó ń pariwo pé ọ̀bọ̀kún òun tó sanra ni obìnrin náà máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ìró? A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn. Kí ló wá dé tí èébú kò fi tọ́ sí èmi?

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ilé Ọmọ, ibi tí omi ti fẹ́lẹ́, tí koríko pọ̀, tí àwọn igi fi gbòǹgbò dúró nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ń wá yé sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ń dàgbà kí wọ́n tó jáde sínú ọ̀sà. Kò sí ẹni tó ń ju àwọ̀n síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ nígbà òjò. Tí ọmọdé bá lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ń lé e, kì í bi pé ọmọ ta ni. Èmi alára ti mú igi lé Fuad ọmọ mi kúrò níbẹ̀ rí, mo nà án, mo ní ṣé ó fẹ́ kí ebi pa wá ni. Èmi yìí náà ni mo wá da ìdọ̀tí sí i tí mo fi kọ́ yàrá fún Fuad.

Kí ni kí n ti ṣe? Lánlọ́ọ̀dù lé mi jáde ní Fọlá Àgòró. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́, tí gbogbo ayé fẹ́ dupò, tí Ṣómólú ò sùn mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lọ tọ̀sán-tòru, póstà lónìí, póstà lọ́la, gbogbo ẹni tó ní yàrá kan ló fẹ́ fi gba atẹ̀wé. Lánlọ́ọ̀dù ní ká kó jáde, òun ti rí àwọn atẹ̀wé tó máa gba gbogbo ilé. Bàbá Faridah ti kú, èmi àtàwọn ọmọ méjì, bẹ́ẹ̀dì wa lórí ọmọlanke, níbo ni ká gbà? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ilẹ̀ orí omi wá bá mi, ó ní tí mo bá lè dí igun Ilé Ọmọ yẹn fúnra mi, tèmi ni. Ràmọ́nù àbúrò mi sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa da ìdọ̀tí wọn sí, ó ní Àǹtí mi, ọ̀fẹ́ ni o, ẹ ṣáà fi ibi tí típà máa dà á sí hàn wá. Ẹ gbọ́ o, Ìyá Níní, èmi tí mi ò ní ibi tí mo máa sùn, wọ́n ń pè mí síbi ọ̀fẹ́.

Bí típà ṣe ń dà á ni mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ajẹkù bébà, agolo íńkì, àkísà tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, àti omi kan tó ń rùn fíìn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n kó o sí, kẹ́ẹ̀gì náà ń jò, mo sì rí i pé ó ń jò. Mo ní kí wọ́n da yanrìn lé e. Póstà àwọn olóṣèlú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ojú kan náà, fìlà kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi látinú ẹrẹ̀. Ọ̀kan kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ pé tí òun bá wọlé, òun á fún wa ní omi tó mọ́. Mo gun orí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dáadáa, kí ilé mi má baà mì.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà sẹ́yìn, ó jọ ilẹ̀ lójú mi. Ẹ̀yin méjèèjì ò sì sí nílé, ẹ ti lọ sí Ìlàjẹ, ẹ lọ sin ìyá Bàbá Níní. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mi ò dúró dè yín. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé Ràmọ́nù ló ń kán mi lójú, pé tí n ò bá gbà á lọ́sẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn á gbà á, bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń sọ fún ara mi. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé tí ọkọ yín bá wà nílé, tó wulẹ̀ dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó wo ojú mi, ọwọ́ mi ò ní gbé e. Torí pé kò sí níbẹ̀ ni mo ṣe ṣe é, tí típà sì ń wọlé bíi pé wọ́n ń lé e. Àsìtàgàfúrúláhì.

Ẹ ẹ̀ sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ yín dé bá a, ẹ̀yin ẹ wà nílé, ẹ̀ ń tú ẹrù ìrìn àjò. Èmi wà níbẹ̀. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́, ó dé ibi tí Ilé Ọmọ wà tẹ́lẹ̀, ó fi àjẹ̀ gún un bó ṣe máa ń gún ẹrẹ̀ wò, àjẹ̀ ró gbì. Ó tún gún un lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ògiri tí mo ti mọ dé orúnkún, ó wá wò mí. Mo ti dira, mo ti di ìró mi le, mo ti kó gbogbo èsì sẹ́nu, mo fẹ́ sọ ti lánlọ́ọ̀dù, mo fẹ́ sọ ti opó, gbogbo ẹ̀ ni mo ti tò sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, “Ìyá Faridah, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé á tura.” Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹja wá síwájú ààrò mi bó ṣe máa ń gbé e wá.

Ẹ kú iṣẹ́! Ìyá Níní, tó bá jẹ́ pé ó yọ àjẹ̀ yẹn tó fi là mí lórí ni, mi ò bá ti gbàgbé. Gbogbo èsì tí mo tò sẹ́nu, kò rí ibi gbà jáde, ó wà níhìn-ín, nínú àyà mi, títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Òjò wá dé. Àwọ̀ ń jáde lábẹ́ ilé mi, pupa, búlúù, dúdú, ó ń ṣàn lọ sínú omi bí aró. Àwọn ọmọ ẹja, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, wọ́n léfòó, wọ́n funfun lórí omi, mo kọ́kọ́ rò pé yìnyín ló bọ́. Edé ò jáde lọ́dún yẹn. Akàn ń gun ògiri wá bá wa nínú yàrá, Faridah ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn síta, wọ́n tún ń padà wọlé, ọmọ yẹn wá bi mí, ó ní, “Màámi, ṣé àwa la gba ilé wọn ni?” Mo gbá a létí. Ọlọ́run jọ̀ọ́, mo gbá ọmọ mi létí, kí ni ọmọ náà ṣe?

Ẹ má sọ fún mi pé èmi nìkan kọ́. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́! Àwọn tó ń fa yanrìn lọ́hùn-ún ńkọ́, tí ẹ̀rọ wọn ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí omi ò mọ́ gaara mọ́? Àwọn tó ń la pákó lápá Ẹbúté-Mẹ́ta ńkọ́, ṣé kì í ṣe inú omi kan náà ni ìyẹ̀fun pákó wọn ń gbà wá bá wa ni? Ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sínú gọ́tà, níbo ni gọ́tà ń dà á sí? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí gbogbo wa ń fà ya, tí a ń mu, tí a ń jù, láti Àkókà títí dé ibí, àbí ẹ ò rí i pé ọ̀rá ni àwọ̀n ọkọ yín ń kó ju ẹja lọ? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ orí omi, ta ni nínú wa tí kì í lò ó? Alágbádá tí wọ́n ní ó gba ìjọba, ta ni ó rán wá síbí kó wá wo bí a ṣe ń gbé? Mo ti sọ gbogbo eléyìí fún ara mi, ó dùn ún sọ, ó máa ń tù mí lára títí omi orí iná á fi hó. Ṣùgbọ́n awayanrìn ò mọ Ilé Ọmọ, ẹni tó ń la pákó ò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹja tó ti ibẹ̀ jáde ni mo fi tọ́ ọmọ, òun ni mo fi sin ọkọ.

Bàbá Níní wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́nà jíjìn. Ẹni tó máa ń rí ẹpìyà kó nínú omi tí ẹ lè pè é látibí kó dáhùn, ó wá ń wa ọkọ̀ lọ títí ojú ò fi ní í rí i mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí yẹn. Mo máa ń gbọ́ ìró yín tí ẹ bá ń fi omi gbígbóná tẹ èjìká rẹ̀, ògiri tó wà láàárín wa ò nípọn. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn awayanrìn gba orí àwọ̀n rẹ̀ kọjá tó ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo ní wàyí o, lónìí ó máa bínú, á pariwo, á sì kan orúkọ mi mọ́ ọn, torí pé tí Ilé Ọmọ bá wà, kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn awayanrìn? Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín níbí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Nígbà tí mo kọjá, ó bi mí bóyá ikọ́ Fuad ti lọ.

Ẹja rẹ̀ tí kò kún àwo mọ́, ó ṣì ń gbé e wá. Èèyàn á ṣe wàhálà débi tó ṣe é yẹn, á bọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀bọ̀kún tó ṣe é kó sínú ọpọ́n kan, á tún yà á sí ààrò mi, á ní Ìyá Faridah, èyí ni Ọlọ́run ṣe. Èmi á gbà á. Èmi á máa yí i padà lórí iná, ojú á máa ta mí, mi ò mọ̀ bóyá èéfín ni. Ẹ̀ẹ̀kan, wallahi, mo pinnu pé mo máa mú kó bínú. Mo ní ẹja yìí ń rùn, Bàbá, ẹ kó o kúrò níwájú mi, ṣé ìdọ̀tí lẹ fẹ́ kí n yan fún èèyàn jẹ ni? Ẹja náà ò rùn, ọ̀kan ṣì ń ta pọ́npọ́n. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní bóyá omi ló ti yí padà, kí n má bínú. Kí èmi má bínú! Mo wọ inú yàrá lọ, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo ké.

Ẹ̀yin ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí n ò hú ìdọ̀tí yẹn kúrò. Mo ti gbé ṣọ́bìrì. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì gbẹ́ jìnnà tí omi dúdú fi sun jáde, òórùn íńkì yẹn ṣì wà nínú rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n dà á, mo yára bò ó padà kí ó má baà tún ṣàn lọ. Kí n má parọ́ fún yín, Ìyá Níní, kì í ṣe ìyẹn nìkan ló dá mi dúró. Ilé mi ni. Bí ẹnì kan bá ní kí n wó o lónìí, mi ò ní wó o. Faridah ní ẹní tiẹ̀, Fuad ní ẹní tiẹ̀, kò sí lánlọ́ọ̀dù tó máa kan ilẹ̀kùn mi. Mo ń kábàámọ̀ rẹ̀, mo sì ń gbé inú rẹ̀, mo máa ń gbá a lárààárọ̀, mo tún ra kọ́tìnnì sí i ní Iléyá. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹnì kan bú mi? Èmi ò lè bú ara mi kó tó, mo máa ń dúró lágbede méjì, mo máa ń ṣàánú ara mi.

Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́. Ta ni? Saheed wo? Saheed ọmọ Gbádégẹṣin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀? Kí ni Saheed wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Bàbá Níní lọ bá a? Fúnra rẹ̀? Ó ní kó máa gbé ẹja rẹ̀ wá sí ààrò mi láti ọ̀la lọ?

Rárá o. Rárá. Ìyá Níní, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ. Aláàrò tí kò ṣẹ apẹja rẹ̀ rí ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún. Aláàrò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí apẹja rẹ̀ ti darúgbó, òun ni wọ́n ń mú fún ọmọ kékeré, tí wọ́n á ní máa tọ́jú rẹ̀, ó tọ́jú mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá Ọmọ́wálé nìyẹn, gbogbo èbúté ló pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ni wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún? Èmi tí mo lé yín kúrò níbi tí ẹ bí Níní sí, tí ẹ̀ ń di ìkòkò nítorí mi, kí n wá dúró síwájú ààrò lọ́la kí Saheed gbé ẹja kalẹ̀, kí àwọn èèyàn máa sọ pé Bàbá Níní ṣe dáadáa fún aláàrò rẹ̀, ó ní láti jẹ́ obìnrin dáadáa?

Mi ò gbà á. Ẹ sọ fún un tó bá dé pé Kùdírátù ní òun ò gba Saheed, ẹja Saheed ò gbọdọ̀ kan iná mi. Ẹ ní kó wá sí ààrò mi lọ́la kó tó wọ ọkọ̀, bí ọjọ́ bá ti mọ́ tí gbogbo èèyàn ti jáde, kó dúró bí ọkùnrin, kó sọ ọ́ sókè pé obìnrin yìí ló dí Ilé Ọmọ nígbà tí mo lọ sin ìyá mi. Mi ò ní fèsì. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, mi ò ní sọ ti lánlọ́ọ̀dù, mi ò ní sọ ti opó. Kó bú mi dé orí baba mi ní Abẹ́òkúta. Tó bá bú mi tán, kó máa lọ, mi ò ní dá a dúró, màá bá yín ru ẹrù dé etí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi dáadáa yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kó lọ, torí kí ni kí n fi í ṣe? Ta ni mo máa dá a padà fún?

Tí kò bá sì lè bú mi, ẹ̀yin wà níbí. Ẹ gbé agbọ̀n yẹn sílẹ̀. Ẹ dìde, Ìyá Níní, ẹ wo ojú mi, ẹ bá a bú mi. Ẹ̀yin lẹ mú mi mọ ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ fi bí wọ́n ṣe ń dá iná hàn mí, kò sí ẹni tó tọ́ sí ju yín lọ. Ẹ pè mí ní olè. Ẹ pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Èyí tó bá wá sẹ́nu yín ni kẹ́ ẹ sọ, mo ti múra.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dì mọ́ mi. Ìyá Níní, ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí ẹ bú mi ni, mi ò ní kí ẹ máa sunkún.